Àpótí Kan Ṣoṣo Nínú Fọ́ọ̀mù

Fọ́ọ̀mù tí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì fi ránṣẹ́
fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀ fún "Iṣẹ́".
Àyè náà kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Nazibrola wò ó títí tíì rẹ̀ fi tutù.
"Makvala," ó pè mí, "ìwọ bá mi kọ ọ́.
Èwo ni kí n pa nínú wọn?"

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó ń kun nọ́ńbà sára ọkọ̀ ojú irin
ní gáréèjì Kutaisi, ọ̀dà funfun lórí àwọ̀ ewé.
Mẹ́jọ rẹ̀ yọ ikùn bí aboyún,
méje rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ajá ń lé.
Ọ̀gá ní, "Nọ́ńbà la ní kóo kọ, a ò ní kóo yàwòrán."
Ó ní òun kò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.
Wọ́n lé e lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.
Ní Fúráìdeè, ó ti ń fi èèpo àsálà ṣe orí ọmọláńgidi.

Àwọn aládùúgbò ní: ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.
Tirẹ̀ tilẹ̀ ju méjì lọ: ewì, igi, okùn,
àwòrán tó ń rìn lójú aṣọ funfun.
Ìyá mi pàápàá sọ ọ́, níbi tó ti ń ká búrẹ́dì lára ògiri ààrò.
Nazibrola dáhùn pé òun kò lé eku kankan,
àwọn eku náà ni wọ́n wá ń gbé ilé òun.

Ìgbà òtútù tí iná mànàmáná dágbére fún wa,
tí a ń dáná ẹsẹ̀ àga, tí a ń dáná bàtà ògbólógbòó,
mo jẹ́ ọmọ ọdún méje, ojú mi mú.
Ó gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa bá òun fi òwú bọ abẹ́rẹ́.
Owó iṣẹ́ mi: èso àjàrà gbígbẹ, ẹ̀kúnwọ́ kan.
Bébà kò sí lọ́jà. Ó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́
sẹ́yìn ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin tí kò ní í gbéra mọ́.
Tí o bá gbé ojú ewé kejìlá síwájú àbẹ́là,
Poti, Zestaponi, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ
á yọ láàárín ìlà ewì bí egungun inú ẹja.
Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀:
aṣọ ìbùsùn kan, àbẹ́là kan, ọmọláńgidi mẹ́rin, òun tó ń kà,
èèyàn mọ́kànlá nínú ẹ̀wù òtútù, èémí wọn ń rú bí èéfín.
Ọkùnrin kan sunkún. Ó ní òtútù ni.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́.
Eré rẹ̀ nípa odò Rioni gùn ju odò náà lọ.
Ìkòkò amọ̀ rẹ̀ ń jò.
Gocha, ọmọ rẹ̀, jẹ oúnjẹ tútù títí ó fi bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti Batumi.
Ó máa ń kọ lẹ́tà. Kì í wá.
Ìyá fi òwú pupa rán orúkọ rẹ̀ sára aṣọ,
ó tú u, ó tún un rán, ó tú u,
aṣọ náà ti lu níbẹ̀.
Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni rà nìyẹn.

Àmì ẹ̀yẹ dé nígbà tó di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Ọkọ̀ dúdú wá gbé e lọ sí Tbilisi.
Ọ̀gbẹ́ni oní-táì kan pè é ní "akéwì wa".
Obìnrin kan láti ilé àwòrán fò dìde: "Ayàwòrán wa ni!"
Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.
Nazibrola rọra lọ wo bí wọ́n ṣe so aṣọ ìkélé orí ìtàgé.
Nígbà tó dé, ìyẹn nìkan ló ròyìn fún mi:
wọn ò mọ okùn í so.

Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Mo kọ "òǹkọ̀wé". Ó mi orí.
Mo kọ "agbẹ́gilére" tẹ̀ lé e, àyè tán.
Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
ó ya òrùlé lé àpótí náà lórí, ó ya fèrèsé sí i,
ó ya eku kan sẹ́nu ọ̀nà.
"Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀."
Ó di oṣù mẹ́ta báyìí. Owó kò tíì wọlé.